Fáìlì Kan fún Ọmọ Kan

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé kéde pé àwọn yóò pín ẹjọ́ ìyà tó ń jẹ ọmọdé sí ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tuntun. Ibi tí ó ti dùn wá ni pé láti ìsinsìnyí lọ, ẹjọ́ lílu ọmọ yóò gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ, ti ìfipábánilòpọ̀ yóò lọ sí ẹ̀ka mìíràn, ọmọ tí ebi ń pa tí kò sì rẹ́ni tọ́jú yóò di ti ẹ̀ka ìgbáyégbádùn. Wọ́n ní kí iṣẹ́ lè yá ni. Iṣẹ́ ta ni yóò yá?

Bí ìyà ńlá bá gbéni ṣánlẹ̀, kékeré á máa gorí ẹni. Àfi bí àwọn tó jókòó ṣe ètò yìí kò bá gbọ́ òwe náà rí. Ìyà ọmọdé kì í dá rìn. Ẹni tó ń na ọmọ títí ara rẹ̀ fi bó, ẹnu rẹ̀ kì í sábà sinmi: àjẹ́ ni ọ́, olórí burúkú, ìwọ lo ba ayé mi jẹ́. Ilé tí wọ́n ti ń lu ìyá, ó máa ń kan ọmọ níbẹ̀. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ibi tó sùn mọ́jú ni ẹni ibi sì tètè ń rí. Ní Amẹ́ríkà, nínú ìwádìí tí àwọn dókítà Vincent Felitti àti Robert Anda kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1998, àwọn tí irú ìyà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wọ́ lé lórí ní kékeré fi ìlọ́po 4 sí 12 sún mọ́ ewu ọtí àmujù, oògùn olóró, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti gbígbìyànjú láti pa ara ẹni, ju àwọn tí kò jẹ ìyà kankan lọ.

A ti dárúkọ Victoria Climbié lójú ewé yìí rí. Ọmọ Côte d'Ivoire ni, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kejì ọdún 2000 lọ́wọ́ ìbátan tó ní òun yóò tọ́ ọ àti ọ̀rẹ́kùnrin ìbátan náà. Ọ́fíìsì kan sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ilé gbígbé. Ilé ìwòsàn kan rí àpá ara rẹ̀, wọ́n ní kúrúnà ni. Òmíràn gbà á nítorí ojú tí omi gbígbóná bó. Ẹ̀sùn ìbálòpọ̀ wọlé, wọ́n fà á sẹ́yìn, ó parí síbẹ̀. Ní gbogbo oṣù tó lò níbẹ̀, kò sí ilé ẹ̀kọ́ kankan tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nínú ilé, inú ọpọ́n ìwẹ̀ ni wọ́n ń mú un sùn, wọ́n á wé e sínú àpò ìdalẹ̀nù pẹ̀lú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Ọgbẹ́ àti àpá 128 ni wọ́n kà lára òkú rẹ̀. Lord Laming, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kó wádìí ikú rẹ̀, nínú àbọ̀ ìwádìí tó jáde lọ́dún 2003, ka ìgbà 12 ó kéré tán tí wọn ì bá ti gbà á là. Tábìlì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan, mú ègé tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Ètò tí ìgbìmọ̀ wa sì fẹ́ fi òǹtẹ̀ lù nìyẹn.

Èyí tó ń bí wa nínú jù ni pé àìtọ́jú ni wọ́n tò sí ìsàlẹ̀ pátápátá, torí kò sẹ́jẹ̀ níbẹ̀. Ó dáa. Olùkọ́ rí ọmọ tó ń sùn ní kíláàsì, tó wọ aṣọ kan náà láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ó fi àmì sí "àìtọ́jú", torí àmì kan ṣoṣo ni fọ́ọ̀mù gbà. Bó bá wá ká ọwọ́ aṣọ ọmọ náà sókè tó rí ojú ẹgba ńkọ́? Kó lọ gba fọ́ọ̀mù mìíràn?

A kò sọ pé aláìtọ́jú ọmọ ni gbogbo òtòṣì o. Ìyá tó ń fi oúnjẹ ẹnu rẹ̀ bọ́ ọmọ, ìrànlọ́wọ́ ló yẹ ẹ́, kì í ṣe ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó rí gbogbo ilé náà pọ̀ ló lè mọ ìyàtọ̀ yẹn.

Abala 19 nínú Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 1989 ka gbogbo irú ìyà wọ̀nyí pọ̀ nínú gbólóhùn kan. Àwa náà ti sọ ọ́ títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó: fáìlì kan fún ọmọ kan, òṣìṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ wà lára fáìlì náà, tí yóò béèrè gbogbo ìbéèrè, ohun yòówù tó gbé ẹjọ́ wọlé. Kí wọ́n fagi lé ìpín-tábìlì yìí kí fọ́ọ̀mù tuntun tó jáde. Bí wọn kò bá ní fagi lé e, kí alága ìgbìmọ̀ sọ orúkọ ẹni tí a ó bi léèrè ní gbangba, lọ́jọ́ tí ọmọ kan bá bọ́ sí àárín tábìlì méjì.