Òtútù Mú, Lódà Ò Gbéra: Ta Ló Ní Kí Ẹ Pààrọ̀ Pọ́ǹpù?

Ó sú ni jàre! Kí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí apá lódà iwájú katakata, apá irin tí pọ́ǹpù ń fi ọ́ìlì gbé sókè, máa gòkè tìkọ̀tìkọ̀, ohun tí gbogbo ẹnu á máa sọ ni pé pọ́ǹpù ti lọ. Pọ́ǹpù wo ló lọ? Èyí tó ń gbé ẹrù wẹ́rẹ́ nígbà ooru, tó sì tún máa gbé e bí ara katakata bá ti móoru? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Lódà tó bá ń yára sí i bí ọ́ìlì ṣe ń gbóná, kò sí ohun tó ṣe pọ́ǹpù rẹ̀. Ọ́ìlì ló ki.

Ẹ wo ara kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì. ISO 46 tí wọ́n kọ síbẹ̀, bí ọ́ìlì ṣe ki tó ní 40°C ni. Bí ojú ọjọ́ bá dé 0°C, ọ́ìlì kan náà á ti ki tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe agbára pọ́ǹpù ló ń fa ọ́ìlì wọlé bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Afẹ́fẹ́ ayé tó tẹ orí ọ́ìlì nínú táǹkì ló ń tì í lọ, kò sì ju nǹkan bí 14.7 psi (psi ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń tẹ̀ tó) lọ. Kí 14.7 psi wá ti ohun tó ń wọ́ bí oyin gba inú fílítà kọjá! Àyè òfìfo á yọ lẹ́nu pọ́ǹpù, pọ́ǹpù á bẹ̀rẹ̀ sí í han. Híhan yẹn kì í ṣe àwàdà: àwọn àyè òfìfo kéékèèké ló ń bẹ́ mọ́ irin, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà tó ń han yìí gan-an ni ọ̀gá tó mọ gbogbo nǹkan máa pariwo pé, "Ẹ tẹná sí i!" Ẹ má tẹ nǹkan kan o! Bí pọ́ǹpù bá ṣe ń sáré sí i ni ọ́ìlì tó ń fẹ́ ń pọ̀ sí i, èyí tó wà nílẹ̀ kò sì tètè dé. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì rọra ṣiṣẹ́, bíi 1,000 sí 1,200 rpm (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan), fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Bí òtútù bá le gan-an, kó tó 20. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé apá lódà sókè láìru nǹkan kan, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ ká bọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé, ẹ tú u síta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí mẹ́fà. Ọ́ìlì inú sìlíńdà àti họ́ọ̀sì iwájú kì í gbóná bí ẹ kò bá lé e kúrò níbẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà: wọ́n á fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ lórí iná fún ìdajì wákàtí, lódà á ṣì tutù bó ṣe wà.

Àwọn tó tún wá burú jù ni àwọn onísípánà tó ń yí síkúrù relief valve, fáàfù tó ń jẹ́ kí ọ́ìlì yà kúrò bí psi bá pọ̀ jù. Lódà tó lọ́ra àti lódà tí kò lágbára, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n! Iye ọ́ìlì tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú kan ló ń sọ bí lódà ṣe máa yára tó. Psi ló ń sọ ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé. Bó bá ń gbé ẹrù àmọ́ tó ń pẹ́, ẹ fi síkúrù yẹn lọ́rùn sílẹ̀. Bí ẹ bá fún síkúrù náà le, lódà kò ní fi nǹkan kan yára sí i, àmọ́ họ́ọ̀sì lè bẹ́, síìlì lè tú. Ta ló tilẹ̀ fi géèjì tó ń ka psi sí i kó tó yí i?

Ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ katakata kéékèèké, ọ́ìlì kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún gíábọ́ọ̀sì, áàsù ẹ̀yìn, bíréèkì inú ọ́ìlì àti lódà. Ẹni tó bá ní kí ẹ da kẹrosíìnì tàbí dísù sí i kó lè ṣàn, bíréèkì yín ló fẹ́ bà jẹ́. Ẹ ṣí ìwé ìlò katakata. Ọ̀pọ̀ wọn ló dárúkọ ọ́ìlì tó fúyẹ́ fún ìgbà òtútù. Ti John Deere tó ń ṣe katakata, ọ́ìlì J20C ni ti gbogbogbòò, J20D ló tètè ń ṣàn. Kí pour point (ìwọ̀n òtútù tí ọ́ìlì kò ti ní lè ṣàn mọ́) ọ́ìlì tí ẹ máa rà fi ó kéré tán 10°C relẹ̀ ju òtútù tó le jù tí ẹ máa bá ṣiṣẹ́. Kẹ́ẹ̀gì ọ̀pọ̀ tí wọ́n kọ "303" sí ńkọ́? Ìlànà tó ti di àpatì láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ṣì fi ń polówó fún yín, ẹ sì ń rà á!

Ti hítà tún ń bí ni nínú. Wọ́n á ta hítà ẹ́ńjìnì fún èèyàn, wọ́n á ní ìṣòro ti tán. Omi ẹ́ńjìnì ni hítà yẹn ń mú gbóná! Ọ́ìlì lódà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Hítà pẹlẹbẹ oní-sílíkóònù, 150 sí 300 wáàtì, tí a lẹ̀ mọ́ ìdí gíábọ́ọ̀sì, lẹ nílò. Ẹ ha ọ̀dà ibẹ̀ títí irin á fi hàn, ẹ nu gírísì kúrò, ẹ lẹ̀ ẹ́, ẹ fi gọ́ọ̀mù sílíkóònù dí etí rẹ̀ yípo kí omi má wọlé. Ẹ ki í bọ iná ní wákàtí bíi 2 sí 4 ṣáájú iṣẹ́. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ síbi tí ọ́ìlì kò dé, torí á jó ara rẹ̀.

Ọ́ìlì tó bá ti funfun, omi ló wọ̀ ọ́. Omi yẹn á dì sára sítírénà, asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà lọ sí pọ́ǹpù, lódà á dákẹ́ pátápátá. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà pọ̀. Ẹ tún ká rọ́bà ìdí ọ̀pá ìdarí lódà sókè, kí ẹ wò ó. Bó bá ti ya, omi á gbabẹ̀ wọlé, á dì, ọ̀pá ò ní padà sáàárín bí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, apá lódà á sì máa gòkè lọ láìsí ẹni tó dì í mú. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ lílọ́ra mọ́, ó lè gba ẹ̀mí. Ẹ gbẹ omi ibẹ̀, ẹ fi gírísì sí i, ẹ pààrọ̀ rọ́bà náà.

Bí ọ́ìlì bá ti gbóná dé 40°C, tí fílítà jẹ́ tuntun, tí ẹnu họ́ọ̀sì gbogbo jókòó dáadáa, tí lódà ṣì ń wọ́, ìgbà yẹn ni kí ẹ̀yin mẹkáníìkì wá gbé géèjì àti mítà tó ń ka ọ́ìlì jáde, kí ẹ dá pọ́ǹpù lẹ́jọ́. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ má gbowó pọ́ǹpù lọ́wọ́ olówó!