Ẹ Má Jẹ́ Kí Àpò Stasi Kú Sínú Yàrá

Àdéhùn ẹ̀rọ tí ó yẹ kó to àjákù ìwé Stasi, ọlọ́pàá ìkọ̀kọ̀ Ìlà-Oòrùn Jámánì àtijọ́, pọ̀ ti forí ṣánpọ́n. Mílíọ̀nù 6.3 owó Yúrò ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un lọ́dún 2007, pé kó tú àpò àjákù 400. Àpò 23 péré ló tú. Ìyẹn ti lọ. Ìbéèrè wa ni pé, àwọn àpò bí 15,000 tó kù ń kọ́?

A ti sọ ọ́ lójú ewé yìí rí, a ò ní yé sọ ọ́. Ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ àwọn olórí Ìlà-Oòrùn Jámánì kò ṣọ̀wọ́n. Ní 1 Oṣù Kẹfà 1989, ẹ̀ka Stasi tí wọ́n ń pè ní ZAIG, tó ń kó ìròyìn jọ fún Erich Mielke, olórí Stasi, ti ka ẹgbẹ́ alátakò bí 160, wọ́n sì fojú bu àwọn èèyàn inú wọn sí 2,500. Wọ́n rí i. Síbẹ̀, ní 31 Oṣù Kẹjọ, nígbà tí Mielke bi àwọn ọ̀gá rẹ̀ bóyá irú rògbòdìyàn 17 Oṣù Kẹfà 1953, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ dìde sí ìjọba, fẹ́ bẹ́, wọ́n fi í lọ́kàn balẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta tí odi Berlin fi ṣí.

Láàárín ohun tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kọ ní Leipzig àti ohun tó gúnlẹ̀ sí Berlin, ta ló fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n? Ìwé tó wà lórí tábìlì àwọn òṣìṣẹ́ Stasi lọ́dún yẹn ni wọ́n sáré fà ya. Inú àpò wọ̀nyí ló yẹ ká wá ìdáhùn sí.

Ẹ̀rọ náà mọ iṣẹ́. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló há. Ó ń wo àwọ̀ bébà, ìlà àti etí ibi tó ti ya, ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ́ àjákù kọ̀ọ̀kan pẹrẹsẹ, skánà kò sì lè gba òkìtì. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìdìpọ̀ ni wọ́n fà ya lẹ́ẹ̀kan, etí bébà kan kì í sábà ṣe déédéé pẹ̀lú ìkejì.

Ọwọ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ kò mọ̀. Láti 1995 ni wọ́n ti ń ṣe é: wọ́n á kó àjákù jáde ní ìpele-ìpele, láìrú u, torí àjákù ewé kan náà sábà máa ń wà nítòsí ara wọn bí wọ́n ṣe jù ú sínú àpò. Wọ́n á tẹ́ ẹ, wọ́n á to ó, wọ́n á fi téèpù tí kì í ba bébà jẹ́ lẹ̀ ẹ́. Ó lé ní àpò 500 tí wọ́n ti tú báyìí, ojú ewé tó jáde sì ju mílíọ̀nù 1.5 lọ. Ọ̀nà yìí ni wọ́n jẹ́ kó rọ, tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi ṣẹ́ ku ìwọ̀nba!

Láti 2021 ni ìwé Stasi ti bọ́ sábẹ́ ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ Jámánì. Kò sẹ́ni tí wọ́n tún lè nawọ́ sí. Ó ti sú wa láti máa gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹ̀rọ tuntun, fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la. Ẹ gba òṣìṣẹ́ síi lọ́dún yìí, ẹ kọ́kọ́ tú àpò tí ẹ ti mọ ẹ̀ka tó ti wá, kí ẹ sì kéde iye tí ẹ ó tú lọ́dọọdún. Ẹni ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ń ṣọ́ ní 1989 ti lé ní ẹni ọgọ́ta báyìí, kò sì tíì rí ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀.