Owó oúnjẹ aláìní kì í ṣe owó tó bómi lọ

Bí ìjọba bá ti kéde pé òun fẹ́ ra oúnjẹ fún àwọn tí ebi ń pa, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa gbọ́ láti Sábó dé Ìgbógbó, lẹ́nu awakọ̀, lẹ́nu ìyá ọlọ́jà, títí kan lẹ́nu ẹni tó kàwé dáadáa: "Owó tó bómi lọ nìyẹn. Wọ́n á jẹ ẹ́ lónìí, ebi á tún pa wọ́n lọ́la." Àwọn míì á fi kún un pé bó bá di dandan kí wọ́n pín nǹkan, kí wọ́n kúkú ra èyí tó dínwó láti òkè òkun, torí pé ti àgbẹ̀ wa ti wọ́n jù. A ti ń sọ ọ́ fún ara wa tipẹ́tipẹ́ débi pé kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Kì í ṣe òótọ́. Àwọn àgbẹ̀ tó yí Ìkòròdú ká gan-an ni ọ̀rọ̀ náà sì ń pa lára jù.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé owó náà. Bí ìjọba bá fi owó ra gàrí, gàrí nìkan ni aláìní jẹ tán. Owó ò bá a wọnú ikùn. Ọwọ́ ẹni tó ta gàrí ló wà. Ta wá ni ẹni yẹn, níbo ló ń gbé? Bó bá jẹ́ àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ní Ìmọ̀tà ni, inú owó náà ló ti máa san ti àwọn tó bá a hú u, ti àwọn obìnrin tó bó o, tí wọ́n rin ín, tí wọ́n fún un, tí wọ́n sì yan án, ti ọlọ́kadà tó gbé e dé títì, àti owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ oníṣòwò ńlá tó ń kó ìrẹsì wọlé láti Íńdíà tàbí Thailand ni, èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà ti sọdá òkun. Oúnjẹ méjèèjì lè lé ebi lọ. Ilé tí owó wọ̀ ni kò dọ́gba.

Ibi tí èrò yìí ti wá kò ṣókùnkùn sí mi. Ní August 2023, lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ìjọba àpapọ̀ kéde bílíọ̀nù 5 náírà fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti fi ra 100,000 àpò ìrẹsì, 40,000 àpò àgbàdo àti ajílẹ̀. Kí ni aráàlú fojú rí? Àpò ìrẹsì tí àwòrán olóṣèlú wà lára rẹ̀, ìlà gígùn nínú oòrùn, ariwo, àti kóńgò mélòó kan tí kò gbé ilé kan dé ìparí oṣù. Kò sí àgbẹ̀ kankan nínú ohun tí a rí. Ẹni tí kò rí àgbẹ̀ níbẹ̀ á gbà pé ọ̀rọ̀ náà ò kan àgbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún owó yẹn, gbèsè ni, èyí tí àwọn ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ san padà. Owó tí a máa san padà, ó yẹ ká mọ ẹni tó gbà á.

Àwọn kan máa ń ní ìlú òyìnbó kì í ṣe irú èyí, pé iṣẹ́ ni wọ́n ń wá fún èèyàn níbẹ̀. Ẹ gbọ́ bí tiwọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1933, ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀. Irè oko ń ṣòfò lọ́wọ́ àgbẹ̀ torí kò rí ẹni rà á, àwọn èèyàn ìlú ńlá sì ń tò nítorí búrẹ́dì. Ìjọba Ààrẹ Roosevelt ra ẹlẹ́dẹ̀ bíi mílíọ̀nù mẹ́fà, wọ́n sì pa wọ́n, kí iye tí àgbẹ̀ ń ta ẹran má bàa já wálẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. Púpọ̀ nínú ẹran náà kò dé ìkòkò ẹnikẹ́ni. Inú bí aráàlú gidigidi: ẹran ń ṣègbé, ebi ń pa ọmọ! Ní October ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀, Federal Surplus Relief Corporation, kó máa ra ohun tó pọ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀, kó sì máa gbé e fún àwọn tí kò rí jẹ. Àgbẹ̀ tó fẹ́ kógbá wọlé wà lára ohun tó bí ètò náà láti ọjọ́ kìíní, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ebi ń pa ṣe wà níbẹ̀.

Ti ẹnu àìpẹ́ yìí tún hàn kedere ju ìyẹn lọ. Láti ìparí ọdún 2021, iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Local Food Purchase Assistance. Wọ́n ń fún àwọn ìpínlẹ̀ àti àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ lówó láti ra oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tó wà nínú ìpínlẹ̀ wọn tàbí tí oko wọn kò jìnnà ju 400 máìlì lọ, kí wọ́n sì pín in fún àwọn ìdílé tí ebi ń pa. Ní March 2025, wọ́n fagi lé owó tó kàn, pa pọ̀ mọ́ ti ètò kejì tó wà fún ilé ìwé. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Àwọn tó ń pín oúnjẹ fún aláìní ké, àwọn àgbẹ̀ náà sì ké: àwọn tó ti ra irúgbìn, tí wọ́n ti gba òṣìṣẹ́, tí wọ́n ti fẹ oko wọn sí i torí ọjà tí wọ́n fọkàn tẹ̀. Bó bá jẹ́ pé sàárà lásán lowó yẹn, kí ló pa àgbẹ̀ lẹ́kún?

Ó ku ẹ̀sùn ọ̀wọ́n. "Ti àgbẹ̀ wa wọ́n." Ẹni tó ń sọ èyí, iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà Sábó ló ń wò, kò wo iye tí wọ́n rà á lórí oko. Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti hú, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ti ń dúdú nínú. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí a fà láàárọ̀ ti rọ kó tó dalẹ́. Ẹja àrọ̀ tó ti tó tà kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ojoojúmọ́ ló ń jẹun, oúnjẹ ẹja sì ni ìnáwó tó tóbi jù lọ́rùn ẹni tó ń sìn ín. Alájàpá tó gbé ọkọ̀ dé mọ gbogbo èyí, iye tó bá sì dá ni àgbẹ̀ máa gbà. Mi ò bá alájàpá jà o, òun náà ń sanwó ọkọ̀ lórí ọ̀nà tí kò dáa, ó sì ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì oríṣiríṣi kó tó wọlé. Àmọ́ láàárín oko àti ọjà ni ọ̀wọ́n ti ń wọlé. Bí ìjọba bá bá àgbẹ̀ dúnàádúrà kó tó gbìn, wọ́n lè fẹnu kò sí iye kan tó ju ti orí oko lọ, síbẹ̀ tí kò tó ti ọjà.

Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà tí kò sì sẹ́ni tó rí owó ná. Ẹyin kún ilé àwọn tó ń sìn adìyẹ, àwọn adìyẹ ń yé sí i lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó ń rà. Lásìkò kan náà, àwọn ìdílé wà tí kò rí ẹyin fi sẹ́nu ọmọ. Ebi àti oúnjẹ tó ń bàjẹ́ ń gbé àdúgbò kan náà. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ gan-an ni owó ìjọba wúlò jù, kó ra kiréètì ẹyin níbi tó ti ń bàjẹ́, kó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wá a.

Bírásílì fi òfin dè é. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra irè lọ́wọ́ àwọn ìdílé àgbẹ̀ kéékèèké fún àwọn tí kò rí jẹ ní 2003. Nígbà tó di 2009, òfin kan sọ ọ́ di dandan pé, ó kéré tán, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ìjọba àpapọ̀ ń ná lórí oúnjẹ ilé ìwé gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwa náà ní ètò tiwa. Láti 2016 ni ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹta ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Àwọn obìnrin àdúgbò ló ń se oúnjẹ náà, ó sì yẹ kó jẹ́ irè oko ìtòsí ni wọ́n ń sè. Náírà 70 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún oúnjẹ ọmọ kan. Wọn ò sún un dé 100 títí di 2022. Ta ni kò mọ ohun tí owó oúnjẹ ti dà láàárín ọdún wọ̀nyẹn? Ní January 2024, wọ́n dá a dúró pẹ̀lú àwọn ètò ìrànwọ́ yòókù kí wọ́n lè yẹ ìwé wọn wò. Ẹni tó bá fi èyí ṣe ẹ̀rí pé ríra lọ́wọ́ àgbẹ̀ kò ṣiṣẹ́ ti gbàgbé pé náírà 70 ò lè ra ohun tí iye rẹ̀ ti di ìlọ́po.

Ilé iṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ̀tà tí wọ́n ṣí ní January 2023 wà nílẹ̀ wa níbí, ẹ̀rọ ńlá ni, a sì ń fi í yangàn. Ẹ̀rọ náà kì í gbin ìrẹsì. Ìrẹsì tí àgbẹ̀ bá gbìn ni yóò bó, àgbẹ̀ kò sì ní gbìn bí kò bá dá a lójú pé ẹni kan á rà á. Ní July 2024, ìjọba àpapọ̀ ní òun máa fi 150 ọjọ́ yọ owó ibodè kúrò lórí àgbàdo, ìrẹsì àti àwọn oúnjẹ mìíràn tó ń wọlé. Nígbà tó di 2025, iye wọn já wálẹ̀ lọ́jà. Inú àwa tí a ń rà dùn, kò sì burú. Àmọ́ àwọn àgbẹ̀ ń ké pé owó tí àwọn fi gbìn ín kò wọlé. Àgbẹ̀ tó jẹ gbèsè lọ́dún yìí, bóyá ni yóò gbin tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ohun kan wà tó lè ba gbogbo èyí jẹ́: kí ìjọba máa rà láwìn. Oníṣòwò ńlá lè fi oṣù mẹ́fà dúró de owó. Àgbẹ̀ sarè méjì kò lè dúró oṣù kan, torí owó yẹn náà ló máa fi ro oko tó kàn.

Nítorí náà, bí wọ́n bá tún gbé oúnjẹ wá pín ní wọ́ọ̀dù yín, ẹ bi kánsẹ́lọ̀ yín: lọ́wọ́ ta lẹ ti rà á? Èló lẹ rà á? Ṣé ẹ ti sanwó? Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìmọ̀tà, Ìṣíwú àti Odógunyàn, ẹ má dá lọ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìjọba kì í ra àpò gàrí márùn-ún. Ẹ para pọ̀ nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó ní ìwé àṣẹ àti àkáǹtì ní báńkì, kẹ́ ẹ lè sọ iye àpò tẹ́ ẹ máa kó sílẹ̀ lóṣooṣù, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n san apá kan owó rẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbìn.