Loretta Lynn ló kọ orin yẹn, kì í ṣe àwọn onífíìmù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti da gàrí pọ̀ mọ́ iyanrìn níbí. Ẹ ní torí pé Loretta Lynn, akọrin country ará Amẹ́ríkà, purọ́ ọjọ́ orí rẹ̀, irọ́ ni orin “Coal Miner's Daughter” (Ọmọbìnrin Awakùsà Èédú) náà, pé àwọn tó ṣe fíìmù ìtàn ayé rẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ló kọ ọ́ fún un.

Ti ọjọ́ orí, òótọ́ lẹ sọ. Ó máa ń sọ pé ọmọ ọdún 13 lòun nígbà tóun wọlé ọkọ, àmọ́ ọdún 1932 ni wọ́n bí i, ọmọ ọdún 15 ni nígbà náà. Ṣùgbọ́n níbo ni ọjọ́ orí ti wọ inú orin yìí? Ẹ tún un gbọ́.

Fíìmù ńkọ́? Ọdún 1980 ló jáde. Orin ti wà lórí afẹ́fẹ́ láti 1970. Ṣé ọmọ ló wá bí ìyá ni? Loretta fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, kódà orin náà gùn ju báyìí lọ kí Owen Bradley, tó ń bá a gbé àwo orin jáde, tó ní kó gé lára rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó kọ: Butcher Hollow ní Kentucky, ọmọ mẹ́jọ nínú ilé kan. Bàbá ń wa èédú lóru, ilẹ̀ á mọ́, á tún gbé ọkọ́ lọ sóko àgbàdo. Nígbà ooru, ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo wọn. Òtútù dé, wọ́n ta ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n fowó rẹ̀ ra bàtà. (Èmi ò rò pé ẹni tí kò jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ á rántí ẹlẹ́dẹ̀.)

Ted Webb, bàbá rẹ̀, kú ní 1959. Kò gbọ́ orin náà rárá.