Bí A Ò Bá Gbàgbé Ọ̀rọ̀ Àná

Àwọn àgbà ní bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rẹ́ni bá ṣeré. Láti kékeré ni mo ti mọ òwe yìí, mo tún máa ń fi gba àwọn ẹlòmíì níyànjú, síbẹ̀ odidi ọdún 3 ni mi ò fi bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ nítorí ààlà oko kajú tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa níbí ní Kabba.

Ojú mi á là láàárín òru, ọ̀rọ̀ tó sọ sí mi níwájú àwọn ìyàwó ilé á tún máa dún létí mi, màá máa dá a lóhùn nínú ọkàn, màá bá a jà màá borí ẹ̀, tílẹ̀ á fi mọ́, orí á wá máa fọ́ mi.

Ìgbà yẹn ni mo kà nípa àwọn ẹlẹ́sìn Jain ní Íńdíà, àwọn tí ò fẹ́ ṣe nǹkan ẹlẹ́mìí kankan léṣe, débi pé àwọn kan nínú àwọn ẹlẹ́sìn wọn tó ti fi ilé fọ̀nà sílẹ̀ máa ń mú ìgbálẹ̀ dání láti fi rọra gbá kòkòrò kúrò lọ́nà kí wọ́n má bàa tẹ̀ ẹ́ pa. Wọ́n máa ń ṣe ọdún kan tó ń jẹ́ Paryushana, ọjọ́ 8 ni láàárín àwọn Shvetambara, ìyẹn ẹ̀ka kan nínú ẹ̀sìn náà, tó bá wá di ọjọ́ ìkẹyìn, tọmọdé tàgbà á máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n á ní “Micchami Dukkadam”, ìyẹn ni pé kí ibi tí mo ṣe já sí asán. Wọn ò ní kọ́kọ́ wádìí ẹni tó jẹ̀bi o! Ibẹ̀ yẹn gan-an ló mú mi lọ́kàn, torí ọ̀dọ̀ tiwa, kálukú ló ń retí kí ẹnì kejì kọ́kọ́ wá bẹ̀bẹ̀.

Wọ́n tún ní ìjókòó ìṣẹ́jú 48 kan, Samayika, tèèyàn á fọkàn balẹ̀ láìbínú sẹ́nì kankan. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ, mi ò sì kúrò níbẹ̀, àmọ́ mo fi fóònù sílẹ̀ sí yàrá, mo lọ jókòó sábẹ́ máńgòrò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mi ò lè ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Èèrà gun ẹsẹ̀ mi, mo gbọ́wọ́ sókè kí n gbá a pa, mo bá sọ ọwọ́ kalẹ̀. (Tóò bá rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, jọ̀ọ́ lọ rí dókítà náà o, ìjókòó ò dípò oògùn.)

Nígbà tó yá mo lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi, ó ń sá kajú. Mo ní, “Ọkùn o, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ohun tí mo fi ṣẹ̀ yín, èyí tí mo mọ̀ àtèyí tí mi ò mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí ẹ̀ jì mí.” Kò tètè dáhùn, ó ń fọwọ́ tẹ́ kajú lọ, mi ò sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ààlà. Ó ṣe díẹ̀, ó fẹsẹ̀ ti àpótí kan sọ́dọ̀ mi.

“Jókòó, oòrùn ń pa ẹ́.”