Ẹ Má Ti Kíláàsì Pa Lẹ́yìn Aago Méjì

Oṣù Kẹsàn-án dé, ilé-ìwé ti wọlé. Àwọn òbí ní Abẹ́òkúta ti ra ìwé, wọ́n ti rán yunifọ́ọ̀mù, àwọn mìíràn ṣì jẹ gbèsè bàtà. Owó lẹ́sìn, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti jáde, ló wá kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń sọ pé ó di sáà tó ń bọ̀.

Ẹni tó bá gba ọjà Ìtòkú kọjá lọ́sàn-án yóò rí ohun tí à ń wí. Ọmọ á tẹ́ ìwé sórí ìdì àdìrẹ, á máa ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Oníbàárà á dé, ìyá á ní kó dìde, torí èyí tí wọ́n fẹ́ rà gan-an ló jókòó lé. Ní Kútọ̀ àti Lafẹ́nwá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé omi tútù sáré tẹ̀lé ọkọ̀. A ò bá ìyá wọn wí. Ọjà kì í tú ní aago méjì, kò sì sí ẹnìkan nílé.

Àwọn ilé-ìwé aládàáni rí tiwọn ṣe, wọ́n ń da owó lẹ́sìn mọ́ owó ilé-ìwé. Ní ti ìjọba, tíṣà kan ló sábà máa ń dá a ṣe, tí á máa gba táṣẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, owó ọkọ̀ ti gbẹ́nu sókè. Tíṣà tó ń ti Ọbantókò wá sí Adátán fi kún owó lẹ́sìn, àwọn òbí yọ ọmọ wọn, lẹ́sìn sì fọ́.

Ká sọ òótọ́, àwọn tíṣà kan náà ló ba iṣẹ́ ọ̀hún jẹ́. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ òwúrọ̀ pamọ́ de lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́, olè ni, kí ọ̀gá ilé-ìwé má ṣe bò ó. Ebi tún wà ńbẹ̀. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2016, kíláàsì kìíní sí ìkẹta ni wọ́n ṣe é fún. Ọmọ kíláàsì karùn-ún tó ń múra ìdánwò àtiwọ girama ńkọ́?

Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí òun náà kàwé ní Abẹ́òkúta níbí, ni ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955. Owó ará ìlú ni wọ́n fi kọ́ àwọn kíláàsì wọ̀nyí, síbẹ̀ àgádágodo ló ń ṣọ́ wọn láti ọ̀sán títí di ọjọ́ kejì. A ò ní kí ìjọba kọ́ ilé tuntun. Kí SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ṣí ilé-ìwé kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan títí di aago márùn-ún, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti àwọn tó sún mọ́ ọjà. Kí wọ́n fún tíṣà méjì ní àjẹmọ́nú níbẹ̀, kí wọ́n sì fòfin de owó túláàsì. Àwọn ìyálọ́jà lè dá sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ; wọ́n ti ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ìbò. Kí ó má sì jẹ́ ìṣirò ní gbogbo ìgbà. Ọmọ tó ti jókòó láti òwúrọ̀ nílò bọ́ọ̀lù àti ayò, àti àgbàlagbà kan tó mọ ibi tó wà.

Kí ìsinmi ìdajì sáà tó dé, a fẹ́ gbọ́ orúkọ ilé-ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.