Ẹ má fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa, ẹ̀yin ni mo ń bá wí lónìí. Èmi náà wà nínú ẹ̀bi o.

Ní Sọ́ńdè tó kọjá, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá kan ń ka Mátíù orí 14 nínú Bíbélì King James. Wọ́n dé ẹsẹ 15, níbi tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti ní kí Jésù tú èrò ká kí wọ́n lọ ra "victuals", ìyẹn oúnjẹ. Bàbá pè é bí wọ́n ṣe rí i: "fíkítúàlì". Ẹ̀rín bú lẹ́yìn. Kí n má purọ́, mo rín tèmi. Ìgbà tí mo délé, tí mo yẹ ìwé atúmọ̀ èdè wò, ni mo rí i pé bí èmi náà ṣe rò pé wọ́n ń pè é kò tọ̀nà. Ẹ pe "little", kí ẹ fi V rọ́pò L tó ṣáájú, kí ẹ wá fi S kádìí ẹ̀. Ó parí. C inú ẹ̀ ò dún rárá.

Báwo wá ni C ṣe débẹ̀? Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti yá ọ̀rọ̀ náà, "vitaille" ni wọ́n sì ń kọ nígbà yẹn. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1500 sí 1600, àwọn ọ̀mọ̀wé wọn rántí pé Látìn ni orírun ẹ̀: "victualia", láti ara "victus", ohun téèyàn ń jẹ tó fi ń wà láàyè. Ni wọ́n bá ti C àti U bọ̀ ọ́, kó lè jọ Látìn. Àwọn ará ìlú ò dá wọn lóhùn. Bí wọ́n ṣe ń pè é tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè é lọ. B inú "debt" náà, bí wọ́n ṣe tì í bọ̀ ọ́ nìyẹn. Kò jẹ gbèsè, kò sì san án.

Ẹ wá wo tiwa. "Onjẹ" ni Bíbélì Yorùbá àtijọ́ kọ. Lónìí, "oúnjẹ" là ń kọ, torí bẹ́ẹ̀ lẹnu wa ń sọ ọ́. Àwa fa ìkọ̀wé sún mọ́ ẹnu, àwọn fa tiwọn sá fún ẹnu. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bi mí léèrè H tá a ṣì ń kọ sínú Ogbomosho.) Ẹni tó bá wá pe gbogbo lẹ́tà tó rí, kí lẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀?

Mo lọ bẹ Bàbá nírọ̀lẹ́ àná, mo sì ròyìn C náà fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "O ò rí ọ̀lẹ! Kò ṣiṣẹ́ kankan, inú oúnjẹ ló wá lọ jókòó sí!"